ÌRÌN WÁKÀTÍ MẸ́TA NÍ ERÉKÙṢÙ ÈKÓ

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn kan nínú yín tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ti ń kọ̀wé sí wa pé nígbàkúùgbà tí ẹ bá wá sílé, ẹ kì í rí ẹni tí yóò mú yín rin Èkó kí ẹ tó padà. Ẹni tí a bí ní Bàrígà lè lo ọgbọ̀n ọdún lókè òkun kí ó mọ gbogbo ilé àtijọ́ tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó má sì mọ ọ̀nà Ìgá Ìdúngànrán. Àwa tí a wà nílé pàápàá kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjà ni a ń ná ní Ìdúmọ̀tà àti ní Balógun. Bí a bá ti ra ohun tí a fẹ́ rà tán, ọkọ̀ yá, ó di ilé.

Nítorí èyí ni a ṣe kó ara wa jọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́rìndínlógún: ọmọ ilé-ìwé mẹ́jọ tí a ń kọ́ ní ìtàn, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí wọ́n wá sinmi láti òkè òkun, ìyá àgbà kan tí gbogbo àdúgbò wa ní Ṣómólú mọ̀ bí ẹní mowó, àti àwa ìyókù. Ìyá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún díẹ̀. A kò kọ́kọ́ fẹ́ kí ó bá wa lọ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ pé kí a má tan òun, pé òun ti mọ Èkó rìn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé. A háyà bọ́ọ̀sì kékeré kan, a sì bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń fi iṣẹ́ amọ̀nà jẹun ní Erékùṣù pé kí ó pàdé wa níbẹ̀. Ó ní wákàtí mẹ́ta péré ni òun ní fún wa.

Afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990, ni a gbà. Bí a ti ń lọ lórí rẹ̀, etí ọ̀sà Bàrígà wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa: àwọn ilé pákó, àwọn ọkọ̀ ojú omi Ìlàjẹ, àti iyanrìn tí wọ́n wà láti ìsàlẹ̀ omi tí wọ́n kó jọ bí òkìtì. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fara balẹ̀ wo ilé ara wa láti orí omi rí. A sọ fún àwọn ọmọ pé láyé àwọn bàbá wa àgbà, afárá Carter tí wọ́n parí ní 1901 nìkan ni ó so Erékùṣù mọ́ ìhà ọ̀dọ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé ọdún kan náà ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí kò bá ní owó ọkọ̀ ojú omi, kí ó jókòó sílé rẹ̀ ni.

Amọ̀nà wa pàdé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà, ó kí gbogbo wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgá Ìdúngànrán ni ó kọ́kọ́ fi hàn wá. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé oko ata Arómirẹ́ ni ilẹ̀ náà nígbà ìwáṣẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ ààfin sì ti wá. Àwọn ará Ìbíní ní èdè àwọn ni “Èkó”, pé àgọ́ ogun ni ó túmọ̀ sí. Àwọn Potogí ni wọ́n pe ibẹ̀ ní “Lagos”. Gbogbo èyí ni a ti kà nínú ìwé. Ohun tí a kò rí nínú ìwé ni bí omi ti sún mọ́ ibẹ̀ tó. Ọdún pọ̀ tí a ti ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ lọ, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Àti pé ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ó jẹ́ lẹ́nu wa títí di ọjọ́ tí a dúró níbẹ̀, tí a sì rí i pé kò sí ibi tí ìlú kékeré bẹ́ẹ̀ ìbá sá sí.

Láti ibẹ̀ a rìn dé mọ́ṣáláṣí Ṣítà ní Òpópónà Martins, a sì pẹ́ níbẹ̀ ju ibi gbogbo lọ. Mohammed Shitta ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Sàró ni, ní Sàró ni a gbé bí i, òwò orí odò Ọya sì ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894 ni a ṣí mọ́ṣáláṣí náà, Gómìnà Carter fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe afárá. Ọba àwọn Tọ́kì, Abdul Hamid Kejì, rán Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí ní Liverpool, pé kí ó wá fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ìdí nìyí tí ìdílé náà fi ń jẹ́ Shitta-Bey títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mọ́ àwọn ọmọ wa jù ni ẹni tí ó kọ́ ọ. Àgùdà ni, João Baptista da Costa ni orúkọ rẹ̀, Sanusi Aka sì ni ó ràn án lọ́wọ́. Onígbàgbọ́ láti ilẹ̀ Bùràsílì àti ọmọ Yorùbá jọ kọ́ ilé Ọlọ́run fún àwọn Mùsùlùmí, Gẹ̀ẹ́sì wá ṣí i, Tọ́kì fi oyè sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bi wá pé, “Tíṣà, ṣé wọn kò jà?” A ní bí wọ́n bá tilẹ̀ jà, wọ́n parí iṣẹ́ kí wọ́n tó jà.

Pópó Àgùdà ni ó kàn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Bùràsílì àti Kúbà tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n padà dé, tàwọn ti ọgbọ́n bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún. Ní Òpópónà Kakawa, amọ̀nà fi Ilé Omi hàn wá, ilé ìdílé da Rocha. João Esan da Rocha ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láyé ọmọ rẹ̀ Candido, omi kànga ilé yìí ni àwọn ará àdúgbò ń wá rà, nítorí omi tí ó ṣeé mu ṣọ̀wọ́n ní Erékùṣù. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọ̀sà yí ìlú yìí ká, síbẹ̀ wọ́n ń ra omi. Òǹkọ̀wé ará Bùràsílì kan, Antonio Olinto, fi ilé yìí ṣe ìdí ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ kan ní 1969, àwọn tí kò dé Èkó rí sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a dé Ìta Tinúbú, amọ̀nà sọ ìtàn Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò tí agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, tí ó sì lọ di Ìyálóde ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn èyí ó na ọwọ́ sí ibì kan, ó ní, “Níbí ni Ilójọ́ Bar wà.” A wò ó, a kò rí nǹkan kan tí ènìyàn lè pè ní ilé àtijọ́. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ilé náà ní nǹkan bí 1855. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ìjọba sì kéde ní 1956 pé ohun ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, tí ó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ni a wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún gbáko ni òfin fi dáàbò bò ó, ọjọ́ kan péré ni a fi wó o. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan láti Lọ́ńdọ̀nù ti ní àwòrán ilé náà lórí fóònù rẹ̀ láti ìgbà tí ó wá sílé kẹ́yìn. Ó gbé e sókè, gbogbo wa sì ń wo àwòrán, a ń wo ilẹ̀. Amọ̀nà náà ní bí òun ti máa ń ṣe é fún àwọn òyìnbó náà nìyẹn.

A kò pẹ́ ní ọgbà Freedom Park. Ẹ̀wọ̀n Broad Street ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti há Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́. Láti 2010 ni ó ti di ọgbà ìgbafẹ́. Ti Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni ó ká wa lára. Ní ìtẹ́ òkú Àjẹlẹ̀ ni a sin ín sí nígbà tí ó kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba pa ìtẹ́ òkú náà rẹ́. Inú Kàtídírà Krístì ní Màrínà ni ìrántí rẹ̀ wà nísinsìnyí. Ẹni tí ó fi Bíbélì sí èdè wa lẹ́nu, kò rí ilẹ̀ sùn títí.

Ní Òpópónà Broad yìí náà ni àwa ará Bàrígà ní ohun kan láti bèèrè. Amọ̀nà sọ pé àdúgbò yìí ni a ti dá ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ti ìjọ C.M.S., ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 1859, pé T. B. Macaulay, àna Crowther, ni ọ̀gá àkọ́kọ́, pé ọmọ mẹ́fà ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ máa lọ. A bi í pé, “Níbo ni ilé-ìwé náà wà báyìí?” Ó rò ó títí, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ti kó o lọ sí òkè òdò. Àwọn ọmọ wa pariwo “Bàrígà!” débi pé àwọn tí ń kọjá lọ dúró. Láti 1959, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ni ó ti wà lọ́dọ̀ wa. Méjì nínú àwọn ọmọ tí ó pariwo náà ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

A kò bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó fi òkúta hàn, ó sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ó gbé inú òkúta wọ̀nyí dà? Ní 1928, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Láti 1955 ni ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí wó àárín Erékùṣù, nǹkan bí éékà 70, wọ́n ní àdúgbò ẹlẹ́gbin ni, kò yẹ olú-ìlú tí òmìnira ń bọ̀ wá bá. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí ọ̀ràn kàn. Àwọn kan lọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn wá ibi tí owó wọn ká, nítòsí àwọn ìbátan wọn, lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agboolé ìhà ọ̀dọ̀ wa ṣe ní ìlà Èkó nínú.

Ìyá àgbà wa kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Bí a ti ń padà lọ síbi tí bọ́ọ̀sì wà, ó dúró lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtajà alájà mẹ́rin kan, ó ní, “Ẹnu ọ̀nà bàbá mi rè é.” Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n wó o. Amọ̀nà náà bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ dákun, Mama, ẹ tún un sọ,” ó sì yọ ìwé kékeré jáde. Wákàtí mẹ́ta ti kọjá nígbà náà, kò sì rántí mọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, arákùnrin tí ó wá láti Lọ́ńdọ̀nù bi wá léèrè pé, bí àlejò bá wá sí Ṣómólú àti Bàrígà, kí ni amọ̀nà yóò fi hàn án? A ní ilé-ìwé girama. A ní àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú, níbi tí gbogbo Èkó ti ń wá tẹ káàdì ìpè àti ìwé ètò ìsìnkú. A ní etí ọ̀sà. Lẹ́yìn èyí a dákẹ́, nítorí pé ó ti di ohun tí a ń wá kiri nínú ọpọlọ, ìtìjú sì mú wa, àwa tí a ń pe ara wa ní olùkọ́ ìtàn.

Ìyá àgbà ni ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró lórí afárá, kò sì sí ohun mìíràn tí a lè ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ilé àdúgbò bàbá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà: ilé aránṣọ, ilé àfáà tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, ilé obìnrin Àgùdà tí ń ta fùrọ̀jọ̀ǹ ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, ilé tí kànga wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wọ̀. Ó ń sọ ibi tí àwọn ará ibẹ̀ kó lọ: èyí lọ sí Sùúrùlérè, èyí lọ sí Mọ́ṣìn, àwọn wọ̀nyí bá wa wá sí Ṣómólú, ọmọ wọn nìyí tí ń ta pàrágí níwájú ilé pósítì. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé ti yọ ìwé jáde láì jẹ́ pé a sọ fún un, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ilé kan lórí ìlà kan.

Ó kọ ilé mọ́kànlá kí a tó dé Bàrígà. Bí a ti ń ran ìyá àgbà lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀, ọmọ náà kà á sókè fún un. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó tún orúkọ kan ṣe, ó ní kí wọ́n wá bá òun ní Sátidé tí ń bọ̀, pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni òun ṣì kà.