Bí Ìtakora Ṣe Di Ohun Tí À Ń Wọ̀n

Nínú lọ́jíìkì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń ti inú òmíràn jáde, ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé ìtakora kò ní kékeré, kò sì ní ńlá. Bí àkójọ gbólóhùn kan bá sọ pé ẹnì kan wà láàyè, tí ó tún sọ pé ẹni náà ti kú, òfin àtijọ́ ní ohunkóhun tí ó bá wuni ni a lè fà yọ nínú rẹ̀, títí kan pé òkúta ń fò. William ará Soissons, ọmọ ọ̀rúndún kejìlá, ni a sábà máa ń dárúkọ mọ́ òfin yìí. Ìdí nìyí tí lẹ́tà kan ṣoṣo tí Bertrand Russell kọ sí Gottlob Frege ní 1902, tí ó fi ìtakora kan hàn nínú ètò lọ́jíìkì Frege, fi mi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tìtì, nígbà tí ìdìpọ̀ kejì ìwé Frege ti wà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé.

Stanisław Jaśkowski ní Poland ní 1948, àti Newton da Costa ní Brazil ní 1963, gbé lọ́jíìkì kalẹ̀ nínú èyí tí ọ̀rọ̀ méjì lè ta ko ara wọn láìjẹ́ pé ìyókù dàrú. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni ó sọ ọ̀ràn náà di kánjúkánjú, nítorí pé àkójọ ìmọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn àwọn òótọ́ àti òfin tí a kọ lọ́nà tí ẹ̀rọ fi lè fa èrò yọ nínú wọn, ń wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹnu wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kò. Ní 1977, Nuel Belnap dábàá pé kí ẹ̀rọ ní ìdáhùn mẹ́rin: òótọ́, irọ́, méjèèjì pọ̀, tàbí kí ó má sí èyíkéyìí. Ní 1978, John Grant béèrè ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí: nínú àkójọ méjì tí ó ní ìtakora, èwo ni tirẹ̀ pọ̀ jù?

Ní 2002, Kevin Knight fi ìṣeéṣe dáhùn: báwo ni ìgbàgbọ́ tí a lè fún gbogbo gbólóhùn lẹ́ẹ̀kan náà ṣe lè pọ̀ tó? Bí gbólóhùn méjì bá ta ko ara wọn gbangba, kò lè ju 1/2 lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ nípa tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì 1,000 pé ìkọ̀ọ̀kan wọn kò ní jẹ, tí a sì tún sọ pé ọ̀kan yóò jẹ, ó di 1000/1001, ìtakora tí kò le rárá. Anthony Hunter àti Sébastien Konieczny ní tiwọn ń ka àwọn ìdì kékeré tí ó ń takora, tí ó jẹ́ pé bí a bá yọ gbólóhùn kan péré kúrò nínú ìdì, ìjà parí. Ní 2006, wọ́n yá ọgbọ́n tí Lloyd Shapley fi ń pín èrè láàárín àwọn alájọṣe, tí ó gbé jáde ní 1953, láti fi pín ẹ̀bi láàárín gbólóhùn. Èyí wúlò jù ní ojú alátùn-únṣe, nítorí ó ń fi ibi tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò hàn án.

Àwọn òṣùwọ̀n náà kò fìmọ̀ ṣọ̀kan. Bí àkójọ kan bá ní gbólóhùn méjìméjì tí ó ń jà lọ́nà mẹ́ta tí kò kan ara wọn, ẹni tí ó ń ka ìdì yóò ní ó burú ní ìlọ́po mẹ́ta ju àkójọ tí ó ní ìjà kan lọ, ṣùgbọ́n 1/2 kan náà ni òṣùwọ̀n Knight yóò fún àwọn méjèèjì.