Norbert Zongo: Olóòtú tí ó Wádìí Ikú Awakọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Síbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, ọkùnrin kan wà tí ó ń gbé òtítọ́ lọ sí ọjà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún márùn-ún, tí àwọn ènìyàn sì ń fi owó wọn rà á. Norbert Zongo ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Koudougou ni a bí i sí ní ọdún 1949. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní Lomé ní ilẹ̀ Tógò àti ní Yaoundé ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ó ṣiṣẹ́ ní Sidwaya, ìwé ìròyìn ìjọba. Ó kọ ìtàn àròsọ Le Parachutage, tí ó jáde ní 1988, láti fi àṣírí ìjọba apàṣẹwàá ilẹ̀ Áfíríkà hàn. Ní 1993, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, L'Indépendant. Henri Sebgo ni orúkọ tí ó fi ń bọwọ́ lu ohun tí ó bá kọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1998, David Ouédraogo kú. Awakọ̀ ni, François Compaoré, àbúrò Ààrẹ Blaise Compaoré, ni ọ̀gá rẹ̀. Owó sọnù nínú ilé. Àwọn ọmọ-ogun ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ mú un, wọ́n dá a lóró títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni kí wọ́n wádìí olè, iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ sì ni ìdájọ́. Kí ni ó kan ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ níbẹ̀? Ikú ọmọ-ọ̀dọ̀ ẹni ńlá kì í sábà hu ìròyìn. Ṣùgbọ́n Zongo mọ̀ pé bí mẹ̀kúnnù bá kú báyìí tí gbogbo ayé dákẹ́, kò sí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ dè mọ́. Oṣù mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó fi ń padà sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, kò ṣíwọ́.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n bá ọkọ̀ rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Sapouy, ó ti jóná. Òun, àbúrò rẹ̀, ọ̀rẹ́ wọn kan àti awakọ̀ rẹ̀ ti kú. Awakọ̀ tún bá a lọ.

Inú bí ìlú. Akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tú sí ìgboro. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ dárúkọ afurasí mẹ́fà láàárín ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ ní 1999, ó sì so ikú Zongo mọ́ ìwádìí tí ó ń ṣe. Ní 2000, ilé-ẹjọ́ ológun dá mẹ́ta nínú àwọn ọmọ-ogun náà lẹ́bi ikú David. Ní ọdún kan náà, ìjọba dá òfin padà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju sáà méjì lọ lórí àga Ààrẹ. Òfin yìí ni Compaoré fẹ́ yí padà ní 2014 tí àwọn ará ìlú fi lé e kúrò.

Ẹjọ́ Zongo fúnra rẹ̀ kò rìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan ọmọ-ogun kan ní 2001. Ní 2006, adájọ́ dá ẹjọ́ náà nù. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn dá orílẹ̀-èdè náà lẹ́bi pé kò sapá tó láti wá àwọn apànìyàn náà. Wọ́n tún ẹjọ́ náà ṣí ní 2015. Wọ́n mú François Compaoré ní Paris ní 2017. Ó ní òun kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù sì dí ọ̀nà àtidá a padà sílé ní 2023.

Lónìí, orúkọ Zongo ni yunifásítì Koudougou ń jẹ́. Awakọ̀ tí ó bèèrè ẹ̀tọ́ fún rí ìdájọ́ gbà. Olóòtú tí ó bèèrè rẹ̀ ṣì ń retí tirẹ̀.