Bí Orúkọ Ṣábẹ̀ẹ́ Ṣe Ń Dé Ojú Fóònù

Savè ni ìjọba Benin ń kọ sínú ìwé, Ṣábẹ̀ẹ́ ni ọmọ ìlú ń pe ìlú rẹ̀. Bí a bá sì tẹ̀lé álífábẹ́ẹ̀tì èdè abínibí tí Benin gbé kalẹ̀ ní 1975, orúkọ náà yóò di Shábɛ̀ɛ́, nítorí pé ɛ àti ɔ ni wọ́n ń lò níbẹ̀ dípò ẹ àti ọ, tí sh sì dúró fún ṣ. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ yìí hàn bó ṣe yẹ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àti lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú yóò rí i pé lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀ràn lẹ́tà ni ojú òpó tí gbogbo ẹ̀rọ lè ṣí, kó tó di ọ̀ràn bí ojú ẹ̀rọ ṣe fẹ̀ tó.

Àwọn tó ń kọ ìtàn irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Ìdíje àwọn búráúsà ni wọ́n ń sọ: Netscape jáde ní 1994, Internet Explorer tẹ̀lé e ní 1995, búráúsà kọ̀ọ̀kan ń dá àrà tirẹ̀, débi pé ojú òpó tó dára nínú ọ̀kan lè dàrú nínú èkejì. Àjọ W3C, tí Tim Berners-Lee dá sílẹ̀ ní 1994, fi CSS, òfin tó ń sọ bí ojú ìwé yóò ṣe rí, lélẹ̀ ní 1996, ó sì pẹ́ kí àwọn búráúsà tó tẹ̀lé e dáadáa. Lẹ́yìn tí iPhone dé ní 2007, Ethan Marcotte ṣàlàyé ní 2010 bí ojú ìwé kan ṣoṣo ṣe lè máa fẹ̀, kó sì máa sún kì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tó ṣí i. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n kò kan àmì ohùn.

Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú ẹ̀rọ, ló kàn án. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Nínú rẹ̀ lónìí, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, láàárín àwọn lẹ́tà tí èdè Vietnam náà ń lò. Ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni ɛ́ kò ní. Àfi kí a gbé àmì ohùn lé lẹ́tà lórí. Nítorí náà, ọwọ́ fọ́ǹtì tó wà nínú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí fọ́ǹtì náà kò bá mọ lẹ́tà, àpótí òfìfo ni òǹkàwé yóò rí. Bí kò bá mọ ibi tí àmì yẹ kó jókòó sí, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun mìíràn tún wà tí ojú kò rí: ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà tẹ lẹ́tà ẹ́, ojú kan náà ni wọ́n ní, síbẹ̀ ẹ̀rọ tí a kò kọ́ láti mú wọn dọ́gba kò ní rí ọ̀kan bí a bá fi èkejì wá a.

Àwọn kan ní ìṣòro ti tán, pé búráúsà òde òní fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fóònù àtijọ́ ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, fọ́ǹtì àtijọ́ sì ń bá a lọ. Àwọn mìíràn ní ká sọ ọ̀rọ̀ di àwòrán. Àwòrán ń jẹ dátà, a kò lè wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú kò sì lè kà á. Pé ká yọ àmì kúrò ńkọ́? Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò di ọ̀kan náà, a ó sì máa méfò. Àtakò tó wúwo jù ni pé fọ́ǹtì tí a bá fi ránṣẹ́ náà ń jẹ dátà. Mo gbà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ ká gé fọ́ǹtì náà kù sí kìkì lẹ́tà tí a nílò, kí ọ̀rọ̀ sì kọ́kọ́ hàn nínú fọ́ǹtì fóònù fúnra rẹ̀, kí òǹkàwé má baà dúró.

Èyí tó kù ni pé kí ojú ìwé fi àmì èdè sọ èdè tí a fi kọ ọ́. CLDR, àkójọ tí Unicode ń tọ́jú fún orúkọ oṣù àti ọjọ́ ní onírúurú èdè, ti ya yo-BJ, Yorùbá ti Benin, sọ́tọ̀ kúrò lára yo. Nínú yo, Ṣẹ́rẹ́ ni oṣù àkọ́kọ́; nínú yo-BJ, Shɛ́rɛ́ ni.