Àwo Rẹ́kọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí Ogún Ìdílé: Ohùn, Orúkọ àti Àlàyé

Ní àwọn ọdún 1920 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo giramafóònù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó jáde láyé ní 1930. Ní 1938 ni a bí Fẹlá, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ kò bá bàbá àgbà láyé, síbẹ̀ ohùn bàbá àgbà kò bá a wọ sàréè. Ohun tuntun tí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù mú wọ ìdílé Yorùbá nìyí, pé ohùn gan-an di ohun tí a lè jogún. Ó kù kí a wò ó bóyá ohùn nìkan tó láti gbé ìtàn dé ọ̀dọ̀ ìran tó ń bọ̀.

Àwo ìgbà àkọ́kọ́, irú èyí tí Túndé King fi gbé jùjú jáde fún Parlophone ní 1936, máa ń tètè fọ́, ojú rẹ̀ kan kì í sì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Nígbà tí àwo oníke ńlá dé, tí ojú kan ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, àyè gba ọlọ́rin láti to oríkì, orúkọ ọ̀rẹ́ àti ti ẹgbẹ́ léra wọn. Hárúnà Ìṣọ̀lá, tí òun àti I. K. Dáìró dá ilé-iṣẹ́ STAR sílẹ̀ ní 1969, wà lára àwọn tó lo àyè yìí dáadáa. Ẹni tí a dárúkọ rẹ̀ nínú àwo ní ìdí láti rà á, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní ìdí láti tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwo a máa dárúkọ láìṣàlàyé. Ọ̀dọ́ tó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo àpàlà tàbí sákárà yóò gbọ́ orúkọ oníṣòwò kan, ti àdúgbò kan, àti òwe tó ń tọ́ka sí ìjà àtijọ́. Kò ní mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbà tó jókòó tì í ni yóò dá àwo dúró, tí yóò sọ ẹni tí onítọ̀hún jẹ́ àti ìnáwó tí a ti pe ọlọ́rin sí. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1991 lórí oríkì ní Òkukù, Karin Barber fi hàn pé oríkì kì í dá sọ ìtàn ara rẹ̀ tán, àfi kí ìtàn àtẹnudẹ́nu tú u. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti rẹ́kọ́ọ̀dù.

Bí ẹni tó ni àwo bá kú, tí àwọn ọmọ sì tà á, àwo lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọyì ìlù ṣùgbọ́n tí kò mọ ẹni tí à ń kì. Bí a bá gbé orin náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohùn yè, ṣùgbọ́n páálí, nọ́ńbà àwo àti orúkọ tí olówó rẹ̀ kọ sí i lára lè sọnù. Musiliu Hárúnà Ìṣọ̀lá jogún àpàlà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àlàyé orúkọ kò ní àrólé bẹ́ẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó yẹ kí onímọ̀ ìtàn mú ọ̀dọ́ tó mọ ẹ̀rọ àti àgbà tó mọ orúkọ jókòó ti àwo kan náà, kí ó sì gba àlàyé wọn sílẹ̀ nígbà tí àgbà ṣì wà láyé.