Ìbéèrè Tí Umar Bi Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Lórí Owó Ìlú

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin òbí wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ iṣẹ́ tí kò ní owó òkòwò. Agbaṣẹ́ṣe mìíràn ti gba iṣẹ́ ìjọba, ó fẹ́ ra sìmẹ́ńtì àti irin, bẹ́ẹ̀ ìjọba kò ní sanwó àfi tí iṣẹ́ bá dé ibì kan. Ibẹ̀ ni olówó èlé ti ń rí wa mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kí iṣẹ́ ìránṣẹ́ tó dé bá Ànábì wa ni Khadija ọmọ Khuwaylid ti máa ń gbé ọjà fún àwọn ọkùnrin ní Mẹ́kà pé kí wọ́n lọ tà á, kí wọ́n ní ìpín nínú èrè. Qiraad tàbí mudaaraba ni àwọn onímọ̀ ń pe irú àdéhùn yìí: ẹnì kan mú owó wá, ẹnì kejì mú iṣẹ́ wá.

Ìmáàmù Malik gba ìtàn kan wá nínú Muwatta. Abdullah àti Ubaydullah, ọmọ Sayyidunà Umar, ń ti ogun Iraq bọ̀. Abu Musa al-Ash'ari, gómìnà Basra, ní owó ìlú tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Mẹ̀dínà. Ó yá wọn ní owó náà pé kí wọ́n fi ra ọjà, kí wọ́n tà á ní Mẹ̀dínà, kí wọ́n dá owó padà fún bàbá wọn, kí èrè jẹ́ tiwọn. Èrè wọlé. Umar wá bi wọ́n bóyá gbogbo ọmọ ogun ni Abu Musa yá lówó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní rárá. Ó ní nítorí pé ọmọ òun ni wọ́n ni, kí wọ́n kó owó àti èrè wá. Abdullah dákẹ́. Ubaydullah ní ṣebí tí owó náà bá ṣòfò, àwọn ni àwọn ìbá san án. Ẹnì kan níbẹ̀ wá dámọ̀ràn pé kí Umar sọ ọ́ di qiraad. Ó gbà: ó kó owó ìlú àti ìdajì èrè, àwọn ọmọ mú ìdajì yòókù.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Owó ìlú kì í ṣe ogún ọmọ ẹni ńlá. Kí agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ nítorí pé ó mọ ènìyàn ronú sí ìbéèrè Umar. Èkejì, ẹni tó bá fẹ́ jẹ èrè, kó múra fún àdánù. Nínú qiraad, bí òwò bá fọ́ láìsí ẹ̀tàn tàbí àìbìkítà, olówó pàdánù owó, òṣìṣẹ́ pàdánù làálàá. Ti olówó èlé kò rí bẹ́ẹ̀: ọjà tà o, ọjà kò tà o, èlé ń gorí owó.

Ọ̀nà náà kò tíì dí. Ní 1963, Ahmad al-Najjar dá báńkì ìfowópamọ́ tí kò gba èlé sílẹ̀ ní Mit Ghamr, ní Íjíbítì, fún àwọn mẹ̀kúnnù. Jaiz Bank bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2012. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ fi sukuk àkọ́kọ́ rẹ̀ kó ₦100 bílíọ̀nù jọ láti fi ṣe ọ̀nà títì.

Nítorí náà, bí o bá ríṣẹ́ gbà, mú ìwé iṣẹ́ náà lọ bá ẹni tó lówó, kí ẹ jọ fi ẹnu kò sórí ìpín èrè. Tàbí kí báńkì tí kò gba èlé ra sìmẹ́ńtì náà, kó tà á fún ọ ní iye tí ẹ jọ mọ̀, kí o máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá ẹlẹ́rìí. Āyà tó gùn jùlọ nínú Al-Kùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin-lé-nígba nínú Súrátul-Baqarah, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé.

Kí Ọlọ́hun fi halaal rọ̀ wá lọ́rùn. Òun ló nímọ̀ jùlọ.