Eré Tí Sídì Lè Sá Kó Tó Fọ́

Ọdún 1982 ni Philips àti Sony gbé sídì jáde sọ́jà. Ọdún yẹn náà ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó kúrò ní Texas Instruments dá Compaq sílẹ̀ ní Houston. Kọ̀ǹpútà Presario tí Compaq bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 1993 wà lára àwọn tó mú sídì wọ ilé aráàlú, àwọn oníṣòwò sì kó tòkunbọ̀ rẹ̀ dé Ìkẹjà. Títí di 2002 tí HP ra Compaq, eré ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ sídì fi ń bára wọn díje: 2x, 4x, 24x, títí dé 52x, ìyẹn ìlọ́po eré ẹ̀rọ àkọ́kọ́.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ò kánjú rárá. Sídì máa ń yí nǹkan bí ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí iná lésà bá wà nítòsí àárín rẹ̀. Bí iná náà bá ti ń sún lọ sétí, yíyí á dínkù sí bíi 200. Ti 52x kọjá bẹ́ẹ̀: ó ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn àgbá irin mẹ́rin tó ń mú ibùdó òfuurufú ISS dúró déédéé, tí àwọn òṣìṣẹ́ NASA ń ṣọ́ láti Houston, 6,600 péré ni tiwọn.

Ní eré 52x, etí sídì ń sá tó 235 kìlómítà ní wákàtí kan. Gíráàmù kan níbẹ̀ á máa fa sídì síta bí ẹrù kílógíráàmù méje.

Síbẹ̀ etí kọ́ ló kọ́kọ́ ń já. Ike polycarbonate ni sídì, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, kò sì nípọn ju mìlímítà 1.2 lọ, ẹnu ihò àárín rẹ̀ ni ìfà náà ti le jù. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìfà á di ìlọ́po mẹ́rin. Sídì tí ò sán lè gba èyí mọ́ra dáadáa. Ẹni tó ra fíìmù Yorùbá ní ìsọ̀ kan ní òpópónà Bissonnet ní Houston, tó wá fi ipá tẹ sídì náà kó tó yọ ọ́ nínú páálí, ti lè fi ìlà tín-ín-rín kan sí ẹnu ihò náà. Ibẹ̀ ni yóò ti là.

Lọ́dún 2003, àwọn MythBusters orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà so sídì mọ́ irinṣẹ́ oníná, ó sì fọ́ yángá ní nǹkan bí ìgbà 23,000 ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí ẹ̀rọ sídì inú kọ̀ǹpútà tó dé ìdajì rẹ̀, nítorí náà, àsọdùn ni pé gbogbo sídì tó bá wọ 52x á bú gbàmù. Èyí tó ti sán, tàbí tí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ò jẹ́ kó dọ́gba, ló yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù.

Ilé iṣẹ́ Kenwood gba ọ̀nà mìíràn: ẹ̀rọ 72x tiwọn ń fi ìtànṣán méje ka sídì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì nílò láti yí kíákíá tó bẹ́ẹ̀. DVD 16x náà ò kọjá nǹkan bí 10,000, ṣùgbọ́n torí pé ohun tó wà lórí rẹ̀ fún pọ̀, ó ń gbé bíi mẹ́gábáìtì 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí sídì 52x ń gbé 7.8.