Adé Ìdílé: Ọ̀rọ̀ tí ó Pààrọ̀ Ẹnu nínú Òṣèlú Ìlọrin, 2014 sí 2020

Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, ọdún 2018, Bukola Saraki, ọmọ Ìlọrin tí ó jẹ́ Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, kéde pé òun ti fi ẹgbẹ́ APC sílẹ̀ padà sí PDP. Gómìnà Abdulfatah Ahmed ti ìpínlẹ̀ Kwara bá a lọ lọ́jọ́ kan náà. Adams Oshiomhole, alága àpapọ̀ APC, ní kí Saraki fi ipò sílẹ̀. Àfiwé tí ó lò kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá: ó ní adé ìdílé ni ipò náà, ẹni tí ó bá sì fi ilé sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi adé ilé sílẹ̀. PDP fèsì pé àwọn sẹ́nétọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó yàn án, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan.

Èsì yìí ní ìtàn lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, ọdún 2014, Aminu Waziri Tambuwal, Agbẹnusọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, fi PDP sílẹ̀ bọ́ sí APC. PDP tí ó ń ṣèjọba nígbà náà ní kí ó fi àga sílẹ̀. APC ni ó dìde gbèjà rẹ̀, tí ó ní òfin kò so àga náà mọ́ ẹgbẹ́ kankan. Ẹni tí ó bá mú àríyànjiyàn ọdún 2014, tí ó fi Saraki rọ́pò Tambuwal, tí ó sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ méjèèjì pààrọ̀ ìjókòó, kò ní púpọ̀ mọ́ láti kọ nípa ọdún 2018. Tambuwal fúnra rẹ̀, tí ó ti di gómìnà Sókótó, padà sí PDP ní ọjọ́ kejì tí Saraki lọ.

Òfin tí wọ́n ń jà lé lórí kò díjú. Abala 50 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé àwọn ọmọ ilé ni yóò yan olórí wọn láàrin ara wọn, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni ó sì lè yọ ọ́. Abala 68 gba àga lọ́wọ́ aṣòfin tí ó bá kọ ẹgbẹ́ tí ó gbé e wọlé sílẹ̀, àfi bí ìyapa bá wà nínú ẹgbẹ́ náà tàbí bí ó bá dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Ọ̀rọ̀ ìyapa yìí ni gbogbo wọn ń gbà sá jáde. Ọdún 2013 bí "PDP Tuntun". Oṣù Keje ọdún 2018 bí "APC Alátùn-únṣe". Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ a ní kò sí ìyapa. Ẹgbẹ́ tí ó ń gba àlejò a ní ìyapa ń bẹ. Ní ti adé ìdílé, àfiwé náà mẹ́hẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìbò àwọn sẹ́nétọ̀ PDP wà nínú ohun tí ó gbé Saraki dé ipò ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, ọdún 2015, nígbà tí ọ̀pọ̀ sẹ́nétọ̀ APC wà níbòmíràn tí wọ́n ń retí ìpàdé pẹ̀lú Ààrẹ Buhari.

Kò mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, ọdún 2014, àwọn ọlọ́pàá dínà mọ́ Tambuwal ní ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin, wọ́n yin tajútajú, àwọn aṣòfin kan sì gun géètì wọlé. APC pariwo pé wọ́n ń pa ìjọba tiwa-n-tiwa. Pàṣán tí a fi na ìyálé wà lájà fún ìyàwó: ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, ọdún 2018, àwọn òṣìṣẹ́ DSS tí wọ́n bo ojú wọn dí ẹnu ọ̀nà kan náà, ariwo kan náà sì jáde láti ẹnu PDP. Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí òpìtàn fò: Yemi Osinbajo, tí ó ń delé fún Ààrẹ, yọ ọ̀gá àgbà DSS, Lawal Daura, nípò lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní Ìlọrin, àṣà yìí dàgbà ju Bukola lọ. Ní ọdún 1983, bàbá rẹ̀, Olusola Saraki, tí ó jẹ́ olórí àwọn sẹ́nétọ̀ NPN, bá Gómìnà Adamu Attah tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà jà, ó sì darí àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ́dọ̀ Cornelius Adebayo ti UPN. UPN tí kò tíì fi NPN lọ́rùn sílẹ̀ láti ọdún 1979 kò bi ìbò náà léèrè ibi tí ó ti wá. Adebayo wọlé, ó lo oṣù mẹ́ta, àwọn ológun sì gbàjọba. Ní ọdún 2011, bàbá wà lẹ́yìn ọmọbìnrin rẹ̀, Gbemisola, nínú ACPN. Bukola wà lẹ́yìn Ahmed nínú PDP. Ahmed ni ó wọlé. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, agboolé òṣèlú yìí kan náà kó Kwara fún APC, APC sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ìdí nìyí tí ìpolongo ọdún 2019 fi gba àyẹ̀wò. "Ó tó gẹ́" ni APC ń ké, pé agbára ìdílé kan ti pẹ́ jù lórí Kwara. Àwọn ará ìhà kejì rí àfojúdi nínú rẹ̀, wọ́n sì fi "Ó tún yá" dá a lóhùn. Síbẹ̀ kò sí èébú nínú sílébù mẹ́ta náà. Dadakúàdà Ìlọrin ti sọ ohun tí ó le jù bẹ́ẹ̀ sí olóṣèlú lójú agbo, tí olóṣèlú sì náwó. Ohun tí ó yẹ kí ó ta àwọn ènìyàn lára ni pé ẹgbẹ́ tí ó ń ké e ti jẹ nínú agbára ìdílé náà ní ọdún 2015. Àwọn olùdìbò ní tiwọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé: Ibrahim Oloriegbe gba àga sẹ́nétọ̀ Àárín Gbùngbùn Kwara lọ́wọ́ Saraki ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, AbdulRahman AbdulRazaq sì wọlé ìbò gómìnà ní oṣù Kẹta.

Ní ìdájí ọjọ́ 2 oṣù Kìíní, ọdún 2020, ìjọba tuntun wó Ilé Arúgbó, níbi tí Olusola Saraki ti máa ń pín oúnjẹ fún àwọn àgbàlagbà nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀hónú hàn. Ìjọba ní ilẹ̀ ìjọba ni, kò sí ìwé tí ó fi hàn pé ẹnikẹ́ni sanwó rẹ̀. Àwọn ará Saraki ní ẹ̀san ni, àti pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà. APC tí ó gbé àṣà adé ìdílé ga ju ìwé òfin lọ ní ọdún 2018 ni ó ń béèrè ìwé báyìí. Àwọn tí wọ́n di Abala 50 mú nígbà náà ni wọ́n ń pe àṣà.